Ikùn Yó, Ara Ò Tíì Rí Tiẹ̀: Ìtàn Oúnjẹ àti Fítámì ní Dublin

Kò sí ìlú tí mo mọ̀ tó fi hàn tó Dublin ní Ireland pé kí ikùn yó àti kí ara rí ohun tó ń fẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ọdún 1845 tó dé, pòtétò ni tálákà ilẹ̀ Ireland ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Alágbàṣe tó ń roko lè jẹ tó kílò márùn-ún lójúmọ́, kó sì fi wàrà kíkan tí wọ́n ti yọ bọ́tà rẹ̀ sìn ín. Oúnjẹ òtòṣì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára wà nínú ẹ̀, fítámì C náà sì wà ńbẹ̀.

Àfi ìgbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́ lóko. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú. Àgbàdo tí ìjọba rà wọlé láti Amẹ́ríkà gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, síbẹ̀ kò ní fítámì C, èrìgì àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn ń mì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1847, Alexis Soyer, ọmọ Faransé tó ń dáná fáwọn ọlọ́lá ní London, ṣí ilé ọbẹ̀ kan ní Dublin. Agogo á dún, ọgọ́rùn-ún ènìyàn á wọlé jókòó síwájú abọ́ tí wọ́n fi ṣéènì de ṣíbí mọ́, wọ́n á sáré lá a, agogo á tún dún, àwọn mìíràn á wọlé. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sọ nígbà náà pé ọbẹ̀ ọ̀hún kò ní nǹkan gidi nínú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ọdún 1912 kí ẹnikẹ́ni tó fún fítámì lórúkọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àlìkámà wọ́n, ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ tèèpotèèpo. Búrẹ́dì dúdú yìí àti tíì ni ọ̀pọ̀ aláìní Dublin gbé ara lé. Èèpo àlìkámà a máa di kálísíọ̀mù mú kí ara má lè gbà á. Nítorí náà, egungun ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Jessop, ọ̀mọ̀wé Trinity College, wà lára àwọn tó ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n yọ èèpo díẹ̀ kúrò nínú ìyẹ̀fun, àrùn náà rọlẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ti àwọn aboyún. Nígbà kan rí, ilẹ̀ Ireland wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò dí jù lágbàáyé. Láàárín 1986 sí 1990, àwọn olùṣèwádìí Peadar Kirke, John Scott, Donald Weir àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gba ẹ̀jẹ̀ aboyún tó lé ní 56,000 ní ilé ìgbẹ̀bí mẹ́ta: Rotunda, Coombe àti èyí tó wà ní Holles Street. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 yani lẹ́nu: ewu tó wà fún ọmọ ìyá tí fólíìkì, ọ̀kan lára àwọn fítámì, kéré jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́jọ ti ọmọ ìyá tí tirẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ebi kò sì pa àwọn ìyá wọ̀nyí. Oògùn fólíìkì 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni, kí obìnrin sì ti máa lò ó ṣáájú oyún, torí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti dí kí oyún tó pé oṣù kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ní 2006 ìjọba fara mọ́ fífi fólíìkì sínú búrẹ́dì, wọ́n sì gbé e tì lẹ́yìn náà. Ó dùn mí, torí Nàìjíríà wa pàápàá ti ń fi áyódíìnì sí iyọ̀ láti 1993.

Ọ̀rọ̀ fítámì yìí kan àwa Yorùbá tó ń gbé Blanchardstown àti Balbriggan ní agbègbè Dublin gan-an. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, oòrùn Dublin kò lágbára tó láti mú kí awọ ara ṣe fítámì D, awọ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn jù. Àjọ tó ń ṣàkóso ààbò oúnjẹ ní Ireland gbà wá nímọ̀ràn pé kí aláwọ̀ dúdú máa lo fítámì D yípo ọdún. Ẹ̀fọ́ tí a ń rà ní ọjà Moore Street kò lè fún wa níyẹn, bó tilẹ̀ ní fólíìkì tirẹ̀. Ìkókó tó ń mu ọmú a máa gba máíkírógíráàmù fítámì D márùn-ún lójúmọ́ títí yóò fi pé ọmọ ọdún kan, kí ìyá sì wo ìgò náà dáadáa ní kẹ́mísìtì, kó mú èyí tó jẹ́ fítámì D nìkan.