Bí A Ṣe Gbé Ọkọ̀ Sókè Nítorí Òkúta àti Ẹrù

Ìtàn tí a ó kà pọ̀ lónìí jẹ́ ti ohun kan tí ojú wa ti mọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà bèèrè ìdí rẹ̀. Ẹ ti rí ọkọ̀ èrò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. Ènìyàn ni ó gbé e sókè. Kí ni ó fi gbé e? Èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Ewu wo ni ó sì wà níbẹ̀?

ÒKÚTA ÀTI Ọ̀NÀ

Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn baba ńlá wa Ìdáàṣà fi òkè wọ̀nyí ṣe ibi ààbò. Òkúta tó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun, òun náà ni ó wá di ìdènà fún ọkọ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu. Ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó sì dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọdún 1911. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí oko. Orí ni a fi ń ru iṣu àti ẹ̀pà dé ibi tó ń dúró sí. Wọ́n tún fi ipá mú àwọn ará abúlé la ọ̀nà fún ọkọ̀ onítáyà. Òfin Faransé fi òpin sí iṣẹ́ ipá náà ní ọdún 1946. Ọ̀nà ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà eruku, kòtò àti òkúta ni.

KÍ NI SÍPÍRÍǸGÌ?

Láàárín ara ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, irin kan wà tí ó ń tẹ̀, tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Òun ni sípíríǹgì. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní rẹ̀sọ́ọ̀. Bí kò bá sí i, gbogbo òkúta tí táyà bá gùn ni ìbàdí èrò yóò mọ̀.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ewé, tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Èkejì jẹ́ irin tí a ká bí ejò. Land Rover, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1948, lo irin ewé ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ga, ó sì lè kọjá lórí òkúta, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti awakọ̀ èrò.

Ọkọ̀ tó di ti gbogbo èrò ni Peugeot, tí a ń pè ní Pijó. Wọ́n gbé 404 jáde ní ọdún 1960, wọ́n sì gbé 504 jáde ní ọdún 1968. Ní ìdíje ńlá tí wọ́n ń sá lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, 404 borí ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 borí ní 1975 àti 1978. Ní 1975 kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà.

504 tó gùn lẹ́yìn ní ọ̀wọ́ ìjókòó mẹ́ta. Sípíríǹgì mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ilé iṣẹ́ mọ̀ pé yóò ru ẹrù. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, èrò mẹ́sàn-án wọ inú rẹ̀, àpò ẹ̀pà àti ewúrẹ́ sì gun orí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wálẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ń gbá òkúta.

ỌGBỌ́N ÀWỌN MẸKÁNÍÌKÌ

Wọ́n wá ọ̀nà mẹ́ta. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ onírin ewé, wọ́n fi ewé kan tàbí méjì kún un. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ká, wọ́n fi èyí tó le jù tàbí tó gùn jù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n ki òrùka irin tàbí rọ́bà líle sáàárín sípíríǹgì àti ara ọkọ̀.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Ewé tí a fi kún un ń mú kí sípíríǹgì le sí i. Òrùka ń fi gíga nìkan kún un. Bí a bá gbé ọmọdé dúró lórí àpótí, ó ga, ṣùgbọ́n kò tíì di àgbà.

Àwọn òyìnbó náà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1980, Henry Dangel, ará Alsace ní ilẹ̀ Faransé, gbé 504 kan jáde tí ara rẹ̀ ga, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n kò fi òrùka nìkan ṣe é. Ó tún ọ̀pọ̀ irin abẹ́ ọkọ̀ ṣe pẹ̀lú.

OHUN TÍ GÍGA Ń GBÀ

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé gíga kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èkíní, ọkọ̀ gíga tètè ń ṣubú ní kọ́nà, pàápàá bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Èkejì, ìkòkò irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í bá ara ọkọ̀ gòkè. Táyà tó tóbi jù nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, òkúta ṣì lè fọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, lára àwọn ọkọ̀ kan, irin kékeré kan wà lẹ́yìn tó ń fi bí ara ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ tó mọ ìwọ̀n ẹrù, kí ó lè pín agbára bíréèkì. Bí a bá gbé ọkọ̀ sókè láìtún un ṣe, yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo. Bíréèkì ẹ̀yìn kò ní mú tó.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù. Láyé àtijọ́, bí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wálẹ̀, ojú gbogbo èrò á sì rí i. Ọkọ̀ tí a gbé sókè kì í wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n táyà kò yí padà, bíréèkì kò yí padà, ẹ̀mí èrò náà kò sì ní ààrọ̀. Sípíríǹgì ti bo àṣírí ẹrù mọ́lẹ̀.

Lónìí, ọ̀dà ti wà lójú títì láti Kútọnu dé Dásà, 504 sì ti dínkù. Ṣùgbọ́n òkúta ṣì wà lójú ọ̀nà oko, a sì ń gbé ọkọ̀ mìíràn sókè. Nítorí náà, ẹ má fi gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ ìwọ̀n ẹrù. Ẹ ka àpò, ẹ ka èrò, ẹ wo táyà. Ẹrù tó wúwo, ẹ jẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lórí. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ sọ fún awakọ̀ kí ó tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A RÒ Ó PỌ̀

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ewé irin tí a fi kún sípíríǹgì àti òrùka?
2. Kí ló dé tí ọkọ̀ gíga fi lè bo ẹrù tó pọ̀ jù mọ́lẹ̀?
3. Ní abúlé yín, ta ló yẹ kó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù?