Ọgbà Ìdáàbòbò Ẹ̀dá Igbó Lẹ́kí

Ọgbà Ìdáàbòbò Ẹ̀dá Igbó Lẹ́kí, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Lekki Conservation Centre, jẹ́ igbó àdáyébá tí a dá sí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lẹ́bàá òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ẹtí-Ọ̀sà. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78. Ohun mẹ́ta ni a fi mọ̀ ọ́n jù: ọ̀nà onípákó tí ó gba orí irà kọjá, afárá gígùn tí a so kọ́ sókè láàárín igi, àti àwọn ọ̀bọ tí kì í sá fún àlejò.

Ìtàn

Nigerian Conservation Foundation ni ó ń bójú tó ọgbà náà. Àjọ aládàáni ni, Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ni ó sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 1990 ni àjọ náà dá ọgbà yìí sílẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ epo Chevron. Ète wọn ni láti dá díẹ̀ sí nínú igbó etíkun Èkó, kí ó sì jẹ́ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú yóò ti máa kọ́ nípa ẹ̀dá igbó. Láti ìgbà náà, ìlú Èkó ti gbòòrò gidigidi sí ìhà ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ irà tẹ́lẹ̀ ti di ilé, ọjà àti títì, ó sì ku igbó yìí bí erékùṣù láàárín wọn.

Ilẹ̀ àti ewéko

Agbedeméjì ọ̀sà Èkó àti òkun Àtìláńtíìkì ni ọgbà náà wà. Orúkọ Ẹtí-Ọ̀sà pàápàá fi irú ilẹ̀ náà hàn. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, omi kò sì jìnnà sí òkè rẹ̀. Nígbà òjò, omi a máa bo ìsàlẹ̀ igbó. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ àti àwọn igi mìíràn tí ó fẹ́ràn omi ni ó wà nínú irà. Ọ̀pẹ àti àgbọn wà níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Apá kan tún jẹ́ ọ̀dàn, níbi tí koríko pọ̀ ju igi lọ. Irà yìí wúlò fún àwọn ará àdúgbò, nítorí ó ń gba omi òjò mọ́ra ní agbègbè tí àgbàrá ti ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ọ̀nà ìrìn

Nítorí omi, a gbé ọ̀nà ìrìn ibẹ̀ sórí òpó, a sì fi pákó tẹ́ ẹ. Ó yí po nínú igbó, ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀; gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 2. Láti orí rẹ̀ ni àlejò ti lè dúró wo adágún omi, kí ó ṣọ́ ẹyẹ, tàbí kí ó yà sí ilé orí igi àti gbangba ọ̀dàn tí àwọn ẹbí ti máa ń ṣe fàájì. Omi ń ṣàn lábẹ́ pákó náà, ẹranko ń gbabẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì tẹ irúgbìn tí ó ń hù mọ́lẹ̀. Bí gbogbo àlejò bá ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyókù igbó di ti ẹranko.

Afárá òkè igi náà gùn tó mítà 401, a sì ṣí i ní ọdún 2015. Ó gùn ju ti Kakum ní orílẹ̀-èdè Gánà lọ, èyí tí ó jẹ́ mítà 350. Ilé-ìṣọ́ tí a tò tẹ̀lé ara wọn ni ó gbé e dúró. Ó tóóró, ó sì máa ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹni tí òkè ń bà lẹ́rù lè rìn yí igbó ká lórí ọ̀nà onípákó láìgun afárá yìí rárá.

Àwọn ẹranko

Ọ̀bọ mona ni àlejò máa ń kọ́kọ́ rí. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun kọ̀ọ̀kan sì wà ní ọ̀tún àti òsì ìdí ìrù rẹ̀. Ó ń gbé ní agbo, ó ń jẹ èso, ewé àti kòkòrò, ó sì ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ọ̀nì, awọ́nríwọ́n àti oríṣiríṣi ejò wà nínú irà. Ẹtu, ìgalà àti òkété náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sá pamọ́, òkété sì jẹ́ ẹranko òru. Àlejò kì í sábà rí wọn. Àwọn ọ̀kín tí ń rìn kiri nínú ọgbà kì í ṣe ẹyẹ igbó yìí látilẹ̀wá. Íńdíà ni orírun irú wọn.

Ìṣòro àti ìtọ́sọ́nà

Nítorí pé ilé àti títì ti yí igbó náà ká, àwọn ẹranko tí kì í fò kò lè jáde lọ bá irú wọn níbòmíràn. Bí agbo kékeré bá ń gùn láàárín ara rẹ̀ nìkan fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ lè di aláìlágbára. Yanrìn tí a ń dà sí irà àyíká lè yí ipa omi padà, igbó irà kò sì lè wà láìsí omi.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àlejò ni fífún ọ̀bọ ní oúnjẹ. Ọ̀bọ tí ó bá ti mọ́ ọn lára yóò máa já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ó lè géni jẹ, àrùn sì lè ràn láti ara ẹranko sí ènìyàn tàbí láti ara ènìyàn sí ẹranko. Ohun tí ó yẹ ni kí àlejò fi oúnjẹ sínú àpò, kí ó má kúrò lórí pákó, kí ó sì máa rìn ní ìdákẹ́jẹ́. Àárọ̀ ni ó dára jù láti rí ẹyẹ àti ọ̀bọ, kí oòrùn tó mú àti kí èrò tó pọ̀.