Ìrètí Akẹ́kọ̀ọ́ àti Olùkọ́ Nínú Kíláàsì Lítíréṣọ̀: Láti Yábà dé Ìbàdàn, 1932 sí 1966

Ìfáàrà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ rí. Olùkọ́ ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ka ìwé kí ó tó wọ kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń retí pé kí ìwé tí wọ́n yàn fún un bá ohun tí ó mọ̀ nípa ayé rẹ̀ mu. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìrètí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àfojúdi; ó wà lára ohun tí ó tún ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ṣe ní ilẹ̀ wa.

Yábà
Ní Yábà, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Tẹ́júoṣó, ni ìjọba amúnisìn dá Yaba Higher College sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1932, Gómìnà Donald Cameron sì ṣí i ní gbangba ní 1934. Ohun tí ìjọba ń retí ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ náà pèsè olùrànlọ́wọ́ fún àwọn dókítà àti onímọ̀-ẹ̀rọ, kí ó sì pèsè olùkọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìrètí àwọn ọ̀dọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyè yunifásítì ni wọ́n ń fẹ́, ṣùgbọ́n Nàìjíríà nìkan ni ìwé-ẹ̀rí Yábà ti níyì. Ẹ̀hónú yìí wà lára ohun tí ó bí Lagos Youth Movement ní 1934, ẹgbẹ́ tí ó di Nigerian Youth Movement ní 1936.

Ìbàdàn
Ní 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábà lọ sí University College tuntun ní Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Oyè tí wọ́n ń béèrè dé, nítorí pé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fi oyè rẹ̀ dá wọn lọ́lá. Àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni ó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ wọn.

Chinua Achebe wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Nínú ìwé rẹ̀ Home and Exile (2000), ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní 1952. Wọ́n ń ka Mister Johnson, ìtàn àròsọ tí Joyce Cary kọ nípa Nàìjíríà ní 1939. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní ibi kan ṣoṣo tí òun gbádùn nínú ìwé náà ni ibi tí òyìnbó ti yìnbọn pa Johnson. Ẹnu ya olùkọ́ wọn.

Tí a bá yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣẹ̀ sí ìrètí olùkọ́: ó ti ka ìwé náà dé ìparí. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí òun gba ẹ̀dá-ìtàn tí kò jọ ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, ìkórìíra nìkan kò tíì di lámèyítọ́. Olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, "Kí ni ẹ̀rí rẹ nínú ìwé?" Ìdáhùn tí Achebe fúnra rẹ̀ fọ̀ kò pẹ́ púpọ̀: Things Fall Apart jáde ní 1958.

Ìpadàsí Yábà
Ní Igbobi College, Yábà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932 bákan náà, ni Adébóyè Babalọlá ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, Akọka. Ìwé rẹ̀ lórí àkóónú àti ìlò èdè ìjálá jáde ní 1966. Ó to ìjálá sílẹ̀ ní Yorùbá, ó sì tú wọn palẹ̀ bí onímọ̀ ṣe ń tú ewì. Níbẹ̀ ni ìrètí méjèèjì ti pàdé: akẹ́kọ̀ọ́ rí ohùn àwọn baba rẹ̀ nínú ìwé, olùkọ́ sì rí iṣẹ́ tí ó gba àròjinlẹ̀ àti ẹ̀rí.

Ìgúnlẹ̀
Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la sọ ohun tí ó ń retí fún kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì béèrè ohun tí àwọn náà ń retí. Bí ọmọ kan bá dìde tí ó ní òun kórìíra ìwé tí wọ́n ń kà, kí ó má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Kí ó ní kí ó ṣí ìwé náà, kí ó fi ojú-ewé tí ó bí i nínú hàn.