WNBS, Ìbàdàn

WNBS ni ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1960 fún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n WNTV, tí wọ́n ṣí ní 31 October 1959, tí wọ́n sì máa ń pè ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà (àwọn ará Mòrókò kò ní gbà). Ilé-iṣẹ́ ìṣòwò ni lórí ìwé: ìjọba ẹkùn àti ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jọ dá a sílẹ̀, wọ́n sì retí kí owó ìpolówó ọjà máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Síbẹ̀, òṣèlú ló bí i, òṣèlú náà ló sì tú u ká. Kò sígbà kan tí owó ìpolówó lágbára tó láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣèjọba.

Ní March 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àbá náà dìjà. Àwọn mínísítà ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group fipò sílẹ̀, Gómìnà John Macpherson sì gorí rédíò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀bẹ̀ fún àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ fún un. Nígbà tí òfin ìṣèjọba 1954 gba àwọn ẹkùn láyè láti ní rédíò tiwọn, ìdí tí Ìwọ̀-Oòrùn kò fi jáfara kò fara sin. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn tẹ̀ lé e ní 1960, Àríwá ní 1962.

Ẹnìkan lè sọ pé rédíò tó ń jẹun nínú ìpolówó ọjà gbọ́dọ̀ tẹ́ olùgbọ́ lọ́rùn, ìjọba ì báà bínú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìpolówó kì í wọlé bí kò bá sí olùgbọ́, olùgbọ́ Ìwọ̀-Oòrùn sì fẹ́ gbọ́ èdè rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni akéwì bí Adébáyọ̀ Fálétí ti rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àyè ìpolówó kò yàtọ̀ sí ẹni tó háyà ìsọ̀ lọ́jà: ìsọ̀ kò di tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ onílé. Ìjọba ni onílé níhìn-ín, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn Rediffusion ti bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí hàn gbangba ní October 1965, lẹ́yìn ìdìbò ẹkùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n yí. Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn, ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí téèpù. Ẹnìkan wọ ilé-iṣẹ́ náà tìbọntìbọn, ó ní kí wọ́n fi téèpù tòun rọ́pò, àwọn olùgbọ́ bá gbọ́ ohùn mìíràn tó ń lé Akíntọ́lá kúrò lórí àlééfà. Wọ́n gbé òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ dá a sílẹ̀ ní December. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ròyìn rẹ̀ nínú ìwé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí Awólọ́wọ̀ fẹnu tọrọ ní 1953 ni ẹlòmíràn wá fi ìbọn gbà lórí rédíò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àìríàyè-fèsì yẹn gan-an.

Bí a bá ní ìwà Akíntọ́lá ló fà á, kí ni a ó sọ nípa Macpherson? Òyìnbó ni ọ̀kan, Yorùbá ni èkejì, ẹ̀sùn kan náà sì ni. Àwọn ológun tó dé ní 1966 kò tún un ṣe. Ní February 1976 wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, ìjọba àpapọ̀ gba tẹlifíṣọ̀n, rédíò sì di ti àwọn ìpínlẹ̀: Ọ̀yọ́ jogún ti Ìbàdàn, Ògùn gbé tirẹ̀ kalẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Oǹdó ní Àkúrẹ́. Òfin 38 ti 1992 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba aládàáni láyè, Ray Power sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1994. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ mínísítà ni ìbéèrè rẹ̀ ń gbà dé iwájú olórí orílẹ̀-èdè.