Ilé Àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Àlejò tó bá kọ́kọ́ dé Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tó sì rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá tó wà nítòsí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò pè é. A kò lè dá a lẹ́bi. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 1912, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Àgùdà ni a ń pe àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì tí wọ́n padà wá sílé, àti àtìrandíran wọn. Nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìtẹ̀ ní Bàhíà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ìjọba lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílùú. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọkọ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ilé tí wọ́n ń gbé. Agboolé Yorùbá a máa kọ ẹ̀yìn sí ìta. Ilé Àgùdà ní tirẹ̀ kọjú sí títì: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gígùn onípákó, òdòdó tí a mọ sára ògiri, ọ̀dà aláràbarà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wọlé ná! Àgbàlá ni yóò bá níbẹ̀, níbi tí ẹbí ti ń dáná tí wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Ojú ilé ló ti Bùràsíìlì bọ̀. Inú rẹ̀ kò kúrò nílé.

Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírẹ́ tí wọ́n rẹ́ ẹ mú kó dà bí òkúta. Bí òrùlé bá ti ń jò, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nìyẹn. Àwọn kan a fi sìmẹ́ǹtì bò ó, èyí tó tún burú jù, nítorí omi tó ti wọnú amọ̀ kò ní rọ́nà jáde. Ta ni yóò tún un ṣe? Ilé àjọjogún ni, ẹnì kan kò lè dá a tà, ẹnì kan kò sì fẹ́ dá a náwó lé lórí.

Òfin nìkan kò tó. Ní Èkó, ìjọba ti fi Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí a kọ́ ní 1855, ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ di Musée da Silva ní 1998, ọmọ Àgùdà ló sì dá a sílẹ̀.