Kóńgò Ìyá Opó: Ìtàn Òwò Ìrẹsì, Àgbàdo àti Ẹ̀wà ní Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà wa ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń pa òwe yìí láìrántí pé ọjà tòótọ́ ni ọjà inú rẹ̀. Àgbà tí a sì sábà máa ń bá níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin ni. Ìtàn ọ̀kan nínú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣínà fún ìtàn kan tó gbòòrò jù ú lọ.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ti pẹ́ tí ó ti di opó, ìsọ̀ kékeré kan ni ó sì ń ná ní ẹ̀bá ọjà Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ó ń tà kò ju mẹ́rin lọ: ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà. Kò ní ìwé ìṣirò kankan. Ìlà èédú tí ó ń fà sára ògiri ni ìwé gbèsè rẹ̀. Ìlà kan dúró fún kóńgò kan tí ènìyàn gbà láwìn, bí onítọ̀hún bá sì san án, yóò fi ìka tí ó tẹ̀ bọ omi pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè ka ògiri náà àfi òun nìkan.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ INÚ ÌSỌ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nínú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn ni wọ́n fúnra wọn. Ọkà bàbà ni ọmọ onílẹ̀ láàárín wọn, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Àgbàdo, tí àwọn mìíràn ń pè ní yangan, kò dé ọ̀dọ̀ wa àfi lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù bá ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàdé ní 1492. Àlejò ni, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀kọ àti ògì lẹ́nu wa, a kò sì tún rántí mọ́ pé òkèèrè ni ó ti wá. Ní ti ìrẹsì, orúkọ tí a ń pè é lónìí fi hàn pé láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣùwọ̀n. Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá. Ní ayé owó ẹyọ, 20,000 owó ẹyọ ni wọ́n ń kà sínú ọ̀kẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́ kan fi di orúkọ iye 20,000 nínú òǹkà wa títí di òní. Agolo ni wọ́n ń pè ní kóńgò. Àwọn ará Èkó ń lo dẹ́ríkà, tí a sọ ní orúkọ agolo tòmátò tí ilé-iṣẹ́ kan ń tà. Mudu ni ti àwọn ará Òkè Ọya. Èènì sì ni ẹ̀kúnwọ́ tí ọlọ́jà ń bù lé e lẹ́yìn tí ó bá ti wọ̀n ọjà tán. Ìyá Àgbà gbà pé ẹni tí kò bá fi èènì sí i, owó nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kà, kò mọ òwò.

Ọgbọ́n burúkú kan wà nínú òwò yìí tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn kan a máa fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, kí ó má baà gba iye tí ó yẹ. Kóńgò tí Ìyá Àgbà ń lò, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti gbà á. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ara rẹ̀ sì ti dúdú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iṣẹ́ tèmi ni láti máa gbé e fún oníbàárà tí ó bá ń ṣiyè méjì, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá inú rẹ̀ wò.

OJÚ IRIN ÀTI ÀWỌN ALÁJÀPÁ

Kí ojú irin tó dé, orí àti ẹsẹ̀ ni àwọn alájàpá fi ń ṣòwò. Wọn a lọ ra irè oko ní àwọn ọjà abúlé, wọn a sì rù ú wá sí ìlú fún àwọn alárọ́bọ̀ tí yóò tún un tà. Nígbà tí ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà kúrú fún wọn. Nígbà tí ó wá di 1912 tí ọkọ̀ ojú irin lè ti Èkó dé Kano, ẹ̀wà àti ọkà Òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́. Lafẹ́nwá wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń ta ẹrù kan lóòjọ́ wá di ẹni tí ń ta ọ̀pọ̀ àpò.

Ṣùgbọ́n bí òwò ti ń gbòòrò ni ojú ìjọba náà ń wà lára rẹ̀. Ní 1918 ni owó orí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún náà gan-an ni Ogun Adùbí sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Opó, adélé àti ìyàwó ilé, kò sí ẹni tí kò kàn. Bí ìjọba bá gbà pé obìnrin ní àpò tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba owó orí, ṣé kò yẹ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpinnu nípa ìlú? Ìbéèrè yìí ni àwọn ọlọ́jà ń gbé kiri fún ọdún pípẹ́.

ÌRẸSÌ ÌGBÀ OGUN

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ìbéèrè náà di ìjà. Ìjọba amúnisìn nílò oúnjẹ, wọ́n sì ń fi iye lé ọjà. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin tí wọ́n ń tà á. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sanwó rẹ̀, kì í tó iye tí wọ́n rà á. Ìyá Ìyá Àgbà wà lára àwọn tí ó kàn. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà oko, wọ́n sì gba ẹrù ìrẹsì tí ó fi ewé bò. Kóńgò nìkan ni ó mú délé ní ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà kò tíì gbọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá, òun náà sì ti sọ ọ́ fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé mìíràn ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Ladies' Club. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́jà. Wọ́n bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, wọn kò gbọ́. Ní 1945, wọ́n gbé e lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn, kò sì pẹ́ tí gbígba ìrẹsì náà fi dáwọ́ dúró. Ẹ kíyè sí i pé ìrẹsì ni ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìtàn owó orí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé orí ẹrù oúnjẹ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́kọ́ mọ agbára ìṣọ̀kan.

Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Àwa tí a fẹ́ràn èdè wa kò gbọdọ̀ fojú fo èyí: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹni tí ó kàwé dé Ìlú Ọba, yàn láti máa wọ aṣọ ìbílẹ̀ àti láti máa sọ èdè Yorùbá ní gbangba, kí ẹni tí kò kàwé má baà rò pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní ìparí ọdún 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 pagbo yí ààfin Aláké ká, wọ́n sì sun ibẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di òpin ọdún 1950. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

OGÚN TÍ A KÒ LÈ BÁ OBÌNRIN PÍN

Ìjà mìíràn ṣì wà tí kò sí nínú ìwé ìròyìn, inú ilé ni wọ́n ti ń jà á. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń jogún, yálà ní orí-ò-jorí tàbí ní ìdí-igi. Ilé-Ẹjọ́ Gígajùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lu àṣà yìí ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, pé opó kò ní ìpín nínú ohun ìní ọkọ rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣú opó fúnra rẹ̀ fún àbúrò tàbí ìbátan ọkọ.

Àṣà kan náà yìí ni ó sì fi ààbò kan pamọ́ fún un. Ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ nínú òwò, tirẹ̀ ni. Ọkọ rere ni ó máa ń fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ. Èyí ni ó mú kí ìsọ̀ kékeré jẹ́ odi fún opó. Kì í ṣe gbogbo odi ni kì í wó, nítorí bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, ẹbí ọkọ lè sọ pé owó arákùnrin àwọn ni.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi àgbà ti kú, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹbí náà kò kúrò lójú mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Àbúrò olóògbé ni ó sọ̀rọ̀: "Ìyàwó wa, kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yẹn dà?" Ìyá Àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ó dáhùn pé: "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ kú ìrójú. Ilé tí olóògbé kọ́ àti oko tí ó dá, ẹ pín wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ni ó fi kóńgò lé mi lọ́wọ́ kí n tó wọ ilé yín. Ẹ ránṣẹ́ sọ́jà, kí ẹ bi wọ́n." Ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ-osù tí ó dàgbà jù nínú ilé náà ni ó dá sí i, ó ní òun fúnra òun ti ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ wúńdíá. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè ẹni tí yóò ṣú u lópó, ó ní kóńgò òun ni òun yàn.

Ní 2014, Ilé-Ẹjọ́ Gígajùlọ ilẹ̀ wa bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ń fi ogún du opó, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Ìgbò wá. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n opó mélòó ni ó lè dúró de ilé ẹjọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹun alẹ́?

ÌLÀ ARA ÒGIRI

Ojú ìyá yìí ti rí ayé. Ó fi pọ́n-ùn àti ṣílè tà títí náírà fi dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Ó rí bí ìrẹsì ti gbówó lórí nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ohun àwátì, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní owó ní báńkì, wọn kò sì rí i gbà. Àwìn ni ó ń tà fún wọn. Ògiri náà kún títí dé ẹ̀bá fèrèsé. Nígbà tí owó padà dé, ọ̀pọ̀ wá san. Ìlà mẹ́tàdínlógún ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Kò darúkọ ẹni tí ó ni wọ́n fún wa rí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè rẹ̀ run. Orúnkún ń dùn ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó jókòó sílé, kí àwọn máa fi owó ránṣẹ́. Èmi náà ti bá wọn dá sí i. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́, tiyín ni. Bí ẹ bá bínú ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀. Mo rántí ọjọ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì yé mi pé obìnrin tí ó bá àwọn ọkọ rẹ̀ jà nítorí ìsọ̀ kò ní fi í tọrẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, bí ó ti wù kí ìfẹ́ wọn pọ̀ tó.

Ó ti sọ ẹni tí kóńgò náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́: àbúrò mi obìnrin, tí ó wà ní yunifásítì. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ wò.

Àwọn òpìtàn ti kọ orúkọ àwọn aṣíwájú ọdún 1947 sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn 10,000 yòókù kò ní orúkọ nínú ìwé. Onírẹsì ni wọ́n, ẹlẹ́wà ni wọ́n, opó ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ìyá yín àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í léèrè ohun tí ìyá tirẹ̀ ń tà, àti orúkọ òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí omi tó pa ìlà náà rẹ́.