Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn alátakò nínú òṣèlú Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn ni ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn tó lọ kan ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ìpínlẹ̀ náà ní, 10 wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọmọ Òkè-Ògùn kankan kò tíì di gómìnà. Kí ẹnu àwọn olóṣèlú Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Ìgbòho àti Kíṣì tó lè tólẹ̀ n'Íbàdàn, àfi kí wọ́n bá ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn da nǹkan pọ̀.

Nínú ìbò gómìnà ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2019, ẹgbẹ́ ADC, ZLP àti SDP, tí wọ́n ti ń bá PDP du ipò kan náà, yí padà gbárùkù ti Ṣèyí Mákindé ti PDP nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Fẹ́mi Lánlẹ́hìn ti ADC àti Sharafadeen Alli ti ZLP yọ̀ǹda fún un. Mákindé ní ìbò 515,621, Adébáyọ̀ Adélabú ti APC ní 357,982. Rauf Ọláníyan, ọmọ Ìgbòho, di igbákejì gómìnà.

Àjọṣe yẹn tú ká. Alli lọ sí APC. Ọláníyan náà lọ ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 18 oṣù keje. Báyọ̀ Lawal, ọmọ Kíṣì, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ipò kò kúrò ní Òkè-Ògùn. Ìbò ló kó wọn jọ, kò sì sí ohun mìíràn tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn tí ìbò ti kọjá.

Àjọṣe ti Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò ilẹ̀ Yorùbá, lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá kó o jáde n'Íbàdàn. Onígbàálẹ̀, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ APC, ni gómìnà márùn-ún, Mákindé nìkan ni alábùradà, ìyẹn PDP. Ajínigbé kì í kúkú bèèrè ẹgbẹ́ tí àgbẹ̀ ń ṣe kó tó gbé e lọ. Nígbà tí Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́, kéde pé Àmọ̀tẹ́kùn kò bófin mu, Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó àti alága àwọn gómìnà náà, takò ó láìka ti pé ẹgbẹ́ APC kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ìwà akin nìyẹn. Àwọn gómìnà náà bá Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Òṣínbàjò, jókòó, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ dòfin. Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, òfin yẹn ló sì ń mú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà dúró títí dé Òkè-Ògùn, ẹgbẹ́ yòówù kí gómìnà máa ṣe.

Akérédolú kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mákindé fi orúkọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.